Ìdílé Ọ̀rọ̀ Tó Fara Sin

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ọ̀tùn, ní Ìkún, ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé àti ní gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ń bẹ níwájú yín, ẹ wá ìwé àti bírò, nítorí n óò máa pe lẹ́tà fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì dìde nídìí rédíò. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín tó kan ìyá tó bí ọmọkùnrin, òmíràn sì wà tó kan ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti owó ní báńkì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ wò, ìdílé ọ̀rọ̀ kan péré ni a ó sì mú nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: C, R, Y, P, T. Crypt. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni orírun rẹ̀ wà. Bí ará Gíríìsì àtijọ́ bá fẹ́ sọ pé òun fi nǹkan pamọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lò ni kryptein. Ohun tó wà ní ìpamọ́ ni wọ́n ń pè ní kryptos. Àwọn ará Róòmù yá a, wọ́n sọ ọ́ di crypta, láti ọwọ́ wọn ló sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ń dùn mí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó há encryption sórí lónìí, tó há cryptic sórí lọ́la, tí kò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣe. Ẹni tó bá mọ gbòǹgbò, bí ó tilẹ̀ pàdé ọ̀rọ̀ tí kò rí rí nínú ìdánwò, yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó pamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé: kí ló pamọ́, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a mú dání bí a ṣe ń lọ.

Crypt fúnra rẹ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tí àwọn Òyìnbó máa ń kọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí wọ́n sì ń sin àwọn ènìyàn pàtàkì sí. Lábẹ́ kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n sin Nelson, ọ̀gágun orí omi, sí ní 1806, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Duke of Wellington sí ní 1852. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà gba ọ̀nà Ítálì lọ. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ yí i padà sí grotta, ihò inú àpáta, Gẹ̀ẹ́sì tún yá ìyẹn, ó di grotto. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Àgùdà tó ń gbọ́ mi mọ grotto dáadáa: ibi tí ère Màríà Wúńdíá wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ máa ń kó ara jọ sí láti ka ròsárì ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ crypt lórúkọ.

Òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ń lọ sópin, wọ́n ṣàwárí àwọn yàrá kan ní Róòmù tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ara ààfin tí olú-ọba Nero kọ́ ni. Àwòrán tí wọ́n bá lára ògiri ibẹ̀ ṣàjèjì sí wọn: ara ènìyàn tó di ewéko, ẹranko tí irú rẹ̀ kò sí nínú igbó kankan. Nítorí pé inú ihò ni wọ́n ti rí i, wọ́n sọ irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ihò. Òun ló di grotesque nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ìrísí rẹ̀ lòdì tàbí tó ń bani lẹ́rù. Lẹ́tà C, R, Y, P, T kò pé sí ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ níbi apocrypha. A, P, O, C, R, Y, P, H, A. P yẹn ti di PH, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Apo ni pé a mú nǹkan kúrò lọ sí apá kan. Crypha ni pé a fi pamọ́. Bí ẹ bá ka ìwé inú Bíbélì Yorùbá tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti CAC, ìwé 66 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Bíbélì àwọn Àgùdà jẹ́ ìwé 73. Ìwé méje tó fi lé ni Tobit, Judith, ìwé Ọgbọ́n, Sirach, Baruch, àti ìwé Maccabees méjì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan á ní ìjọ kejì ló fi kún un, àwọn yòókù á ní àwọn wọ̀nyẹn ló yọ ọ́ kúrò. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé ńṣe ni Òyìnbó fi àwọn ìwé agbára kan pamọ́ fún aláwọ̀ dúdú.

Bí ọ̀ràn ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ka àwọn ìwé yìí mọ́ ìwé mímọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìwé mímọ́ tí àwọn Júù ń kà ní èdè Hébérù. Nígbà tí Martin Luther gbé Bíbélì odindi jáde ní èdè Jámánì ní 1534, ó kó wọn sí ojú kan láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Titun. Bíbélì King James ti 1611 pàápàá ní wọn nínú. Ìjọ Áńgílíkà sọ ọ́ sínú òfin ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé ènìyàn lè kà wọ́n fún àpẹẹrẹ ìwà rere, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀ lórí wọn. Àsìkò tó kan àwa Yorùbá ni 1826. Ní ọdún yẹn, Ẹgbẹ́ Bíbélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ òkèèrè pinnu pé àwọn kò ní ná owó sórí Bíbélì kankan tó bá ní Apocrypha nínú mọ́. Ẹgbẹ́ yìí náà ló tẹ Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá, èyí tó parí ní 1884. Ìdí nìyẹn tí a kò fi bá Tobit àti Judith nínú rẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló fà á, ìpinnu tí wọ́n sì ṣe, gbangba ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn ìwé náà lónìí, kó yá Bíbélì ará ilé rẹ̀ tó jẹ́ Àgùdà. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, nítorí ibi tí a kò bá ti ṣàlàyé ni àhesọ ti máa ń rí ààyè jókòó.

Láti ara ìwé wọ̀nyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí apocryphal, ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ fi àmì sí i.

Ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Krypton, pẹ̀lú K ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí àwọn Gíríìkì ṣe ń kọ ọ́. Gáàsì ni, nọ́ńbà rẹ̀ nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì ni 36. William Ramsay àti Morris Travers ló rí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1898, nígbà tí wọ́n sọ afẹ́fẹ́ di olómi, tí wọ́n wá jẹ́ kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú ló wà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù kan ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pè é ní ẹni tó fara pamọ́. Láti 1960 di 1983, ìmọ́lẹ̀ tí krypton ń tàn ni gbogbo ayé fi ń mọ bí mítà kan ṣe gùn tó.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ dúró dè nìyí. Cryptorchidism. Ó gùn, ẹ má fòyà; káàdì ilé ìwòsàn ni ẹ ti lè rí i. Orchis ni àwọn Gíríìkì ń pe kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nígbà náà, ni kóró ẹpọ̀n tó fara pamọ́. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, inú ikùn ọmọ náà ni kóró méjèèjì ti ń dàgbà. Nígbà tí ìbí bá kù díẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin tó pé oṣù kí wọ́n tó bí i, nǹkan bí mẹ́ta ni ọ̀kan tàbí méjèèjì kò ní tíì sọ̀ nígbà ìbí. Nínú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Púpọ̀ nínú wọn á sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì sọ̀, ó ti tó àkókò kí dókítà iṣẹ́ abẹ rí i. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ọmọ tó pé ọdún kan àbọ̀. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ooru inú ara lè ba agbára ìbímọ rẹ̀ jẹ́ lọ́la, ewu jẹjẹrẹ sì máa ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ìyá tó ń wẹ ọmọ lójoojúmọ́ ni ó rọrùn fún jù láti ṣàkíyèsí: ẹ fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́ nígbà tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti mú ara ọmọ rọ̀, ẹ wò ó bóyá méjì ló pé. Bí kò bá pé, ẹ má bá ọ̀rọ̀ ayé lọ, ẹ má sì fi àgbo dá a dúró. Ìdó kò jìnnà sí wa. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀, ẹ lọ bá wọn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún bàbá ọmọ, kò sí fún ìyá rẹ̀. Nǹkan tó yẹ kó sọ̀ ni kò tíì sọ̀, ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ sì wà.

Cryptic ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tàbí ìwé tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò hàn sí ẹni tó ń gbọ́. Ó tán.

Ó wá ku ibi tí mo fẹ́ràn jù. Cryptography. Graphy ni kíkọ. Nítorí náà, ìwé kíkọ tó ní ìtumọ̀ ìpamọ́. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ sí ti crypt: ohun tó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ojú ẹ kò lè rí i. Ìwé ti cryptography wà níwájú yín gbangba, ẹ lè mú un lọ́wọ́, ẹ lè yí i síwá sẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò sí lọ́wọ́ yín.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Àrokò ni. Wọ́n á so owó ẹyọ, ìyẹ́ tàbí nǹkan mìíràn mọ́ okùn, wọ́n á fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Oníṣẹ́ náà lè gba àárín ọjà kọjá, kí gbogbo ayé rí ohun tó mú dání, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ní 1887, G. W. Bloxam tẹ àlàyé lórí àrokò mélòó kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà lẹ́yìn odi. Owó ẹyọ mẹ́fà ni, pẹ̀lú ìyẹ́ kan. Ẹ̀fà: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ni a fi ń ro etí: etí rẹ nìkan ni mo lè dé báyìí, wá kí ojú wa kan ara wọn. Bí owó ẹyọ bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, àwa méjèèjì jọ ṣe ọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, mẹ́fà ni yóò máa bá. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, bí ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì bá fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Aláàfin, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún ọba. Ìlú ti kọ̀ ọ́, àyè ti tán fún un.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni àrokò tí kò yé àwọn tiwa. Ní 1886, nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ogun Kírìjì tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1877, Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson àti Charles Phillips láti Èkó sí àwọn ológun ìhà méjèèjì. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn wà lára àwọn ọba Èkìtìparapọ̀ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdéhùn ọdún náà, pẹ̀lú Ọwá Iléṣà, Ajerò Ìjerò àti Olójùdó Ìdó. Ìwé yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó wà níwájú àwọn ọba wa, ẹnu àwọn ògbufọ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ ohun tó wí. Ọba tó ń ka àrokò wàràwàrà tí kò nílò olùkọ́, ó di dandan fún un láti gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́ lórí ìwé tó kan ìlú rẹ̀. Mo máa ń ronú kan èyí nígbà tí ọmọ Ọ̀tùn kan bá bi mí pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe fún òun. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún ọ láti fọwọ́ sí, ìwọ fúnra rẹ ni kó o kà á.

Ẹ̀yin ọmọdé náà ní tiyín, ẹnà. Ẹ ń fi gá, gé, gí kún ọ̀rọ̀ kí ìyá má baà gbọ́ ohun tí ẹ ń wí. Ẹni tó fẹ́ sọ pé "bàbá ń bọ̀" á ní "bàgàbágá ń bọ̀gọ̀". Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n àti òǹkọ̀wé wa, kọ odindi àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lórí ẹnà ní 1982. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré lásán ni. Òfin tó dájú ló wà nídìí rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ òfin náà ló lè tú u.

Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ní tirẹ̀ náà. Bí ó bá ń kọ ìwé àṣírí, á sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a fi ABD tiwa ṣe é. Lẹ́tà 25 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ láti A dé Y, ẹ má gbàgbé Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ. Ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀ ná. Ọ̀TÙN ni a fẹ́ kọ. Láti Ọ, ẹ ka mẹ́ta síwájú: P, R, S. A ó kọ S. Láti T: U, W, Y. A ó kọ Y. U ńkọ́? W, Y, lẹ́yìn náà a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, A. N á di P. Ọ̀tùn ti di S, Y, A, P. Ẹni tó bá rí SYAP lára ògiri, ibo ni yóò ti mọ̀ pé ìlú Ọọ̀rẹ̀ ni? Ìṣe yìí ni wọ́n ń pè ní encryption. Bí ẹ bá ka mẹ́ta padà sẹ́yìn láti tú u, ó di decryption. En ni pé a ti í pa, de ni pé a ṣí i.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ìgbésẹ̀ tí a lè fi sún lẹ́tà 25 kò ju 24 lọ. Ọmọ tó ní sùúrù á dán gbogbo rẹ̀ wò kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ọ̀nà kejì wà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bàgídádì, ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ al-Kindi kọ̀wé pé nínú èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn lẹ́tà kan máa ń wọ́pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà kí a ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé àṣírí, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Mo gbà pé ìwé Yorùbá yóò tètè tú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ bí a bá fi ọgbọ́n al-Kindi mú un. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi ìró kọ́ńsónáǹtì parí, fáwẹ̀lì ló ń dí ẹsẹ̀ sílébù wa. Lẹ́yìn ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, A, I àti O á ti tú àṣírí ara wọn.

Wàhálà kan wà tó bá àwọn tó ń fi ìwé àṣírí ránṣẹ́ fínra fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Kí ẹni tó wà lókè òkun tó lè tú ìwé rẹ, ó gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Báwo ni kọ́kọ́rọ́ náà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọ̀tá kò ní já a gbà lọ́nà? Ní 1976, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, tẹ ìdáhùn kan jáde tó yí iṣẹ́ náà padà. Ẹ wò ó báyìí: mo ra àgádágodo púpọ̀, mo ṣí gbogbo wọn sílẹ̀, mo pín wọn fún gbogbo ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi á kó o sínú àpótí, á fi àgádágodo mi tì í pa. Òun tó tì í gan-an kò lè ṣí i mọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, kò sì kúrò nínú àpò mi rí. Ìṣirò nọ́ńbà ńláńlá ni wọ́n fi ń ṣe àgádágodo yìí, èyí tó rọrùn láti ṣe lọ ṣùgbọ́n tó nira gidigidi láti ṣe bọ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1977. Ó wá hàn ní 1997 pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, James Ellis, Clifford Cocks àti Malcolm Williamson, ti mọ ọgbọ́n náà ṣáájú wọn, òfin àṣírí ìjọba ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ń lo ọgbọ́n yìí. Láti oṣù Kẹrin 2016 ni WhatsApp ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé orí fóònù ẹni tó gbà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Ọ̀tùn sí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọjá, kò sì yé ọ̀kankan nínú wọn, bí àrokò kò ṣe yé oníṣẹ́.

Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé àwọn kò lè já àgádágodo yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Wọ́n á pè yín, wọ́n á ní báńkì ni àwọn ti ń pè, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ kí yín, wọ́n á wá ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún àwọn. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni OTP, òun ni kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ti kà á tán, gbogbo ìṣirò Diffie àti Hellman kò lè gbà yín sílẹ̀. Báńkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹ gé ìpè náà, kódà bí ohùn ẹni tó pè bá jọ ti ọmọ yín.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́ báyìí, cryptocurrency. Currency ni owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó àṣírí ni ọ̀rọ̀ náà ń wí, tí ẹnì kan á sì máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tà á fún wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Bitcoin rí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto kọ bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ ní 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2009. Gbogbo owó tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀, inú ìwé àkọsílẹ̀ kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí crypto inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ni ìṣirò tí olówó fi ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun lòun fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣe ìṣirò yẹn ló wà ní ìpamọ́, ẹni tó bá sì sọ tirẹ̀ nù ti sọ owó rẹ̀ nù, kò sí máníjà kankan tó lè bá a wá a.

Ní ilẹ̀ wa, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021 pé kí àwọn báńkì má ṣe bá oníṣòwò crypto da owó pọ̀ mọ́. Ó tú àṣẹ náà ní oṣù Kejìlá 2023. Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó kó irú òwò yìí sábẹ́ àkóso SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni CBEX, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba owó àwọn ènìyàn nítorí crypto, dàrú, tí àwọn tó ti fi owó sí i kò rí owó wọn gbà mọ́, tí àwọn kan sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì. SEC ní àwọn kò forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ rí. CBEX ti ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá nítorí crypto, tí ẹ bi í pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, tó sì dáhùn pé ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, òun náà ti dá yín lóhùn.

Àkókò ti ń lọ, mo sì ṣèlérí iṣẹ́ ilé fún àwọn ọmọ mi. Ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún yìí sílẹ̀: N, Ọ, T, P, H. Orúkọ ìlú kan ni, ní àríwá Èkìtì níbí. Ìgbésẹ̀ tí mo fi sún un kì í ṣe mẹ́ta, n kò sì ní sọ iye tó jẹ́. Ẹ ti ní ABD, ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń tú u. Ẹ jọ ṣe é pẹ̀lú bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó bá wà nílé.